Ìwé Tó Ní Òun Yóò Gbà Wá Lọ́jọ́ Burúkú

Bí ìwé ìsebẹ̀ bá purọ́, ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò tú u fó. Bí ìwé tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán bá purọ́, apá ẹ̀wù tó gùn ju èkejì lọ ni yóò jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n irú ìwé kan wà tó lè jókòó sórí pẹpẹ fún ogójì ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́. Òun ni ìwé tó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe yè bí bọ́ǹbù átọ́míìkì bá bú, bí ilé bá wó, bí omi bá ya wọ ìlú. Ọjọ́ tí a ó dán an wò ni ọjọ́ tí kò sí àyè láti gbé e padà fún ẹni tó tà á. Irú ìwé yìí gan-an ló yẹ kí lámèyítọ́ fi ojú tó mú wò, òun sì ni àwọn lámèyítọ́ wa kì í kà sí ìwé rárá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kan ará Mushin tàbí ará Mọ́kọ́lá nínú bọ́ǹbù òyìnbó? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti owó gàrí ná." N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí nǹkan díẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Algeria. Bọ́ǹbù náà lágbára ju ti Hiroshima lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún náà, ìjọba Balewa kò gbà á mọ́: ní oṣù kìíní ọdún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé lọ sílé, ó sì já okùn ọ̀rẹ́. Ìbínú náà nídìí. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ bá wa láti Sàhárà kì í dúró ní ibodè kí wọ́n yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1996 àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Pelindaba pé kò ní sí bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ilẹ̀ wa, àdéhùn náà sì fìdí múlẹ̀ ní 2009. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àdéhùn kò dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Ẹ wá wo ti ilé. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná ran ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní àgọ́ àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù kọ́ ló pa wọ́n. Omi ló pa wọ́n. Wọ́n ń sá lọ nínú òkùnkùn, wọ́n sì kó sínú kànáàlì Òkè-Afà, èyí tí ewé omi ti bò lójú tó fi dà bí ilẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó ń bú, wọn kò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé wọn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí àrùn Ebola wọ̀lú, iṣẹ́ kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù: ẹ fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀. Àwọn kan mu iyọ̀ àmujù, wọ́n kú; Ebola kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àìmọ̀kan pa ni ní Òkè-Afà, ìmọ̀ràn burúkú sì pa ni ní 2014. Ẹni tó bá ń ta ìwé ìmọ̀ràn fún ọjọ́ ewu, ẹ̀mí ló ń tà.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin kí n tó fọwọ́ kan àpò. Ṣé ó sọ ìdí tí a fi ní láti ṣe ohun tó ní ká ṣe? Ṣé wọ́n ti dán an wò lọ́wọ́ ènìyàn bíi tèmi tìrẹ? Ṣé ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ? Irú ilé wo ló sì ní lọ́kàn nígbà tó ń sọ̀rọ̀?

Ìwé tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni Protect and Survive, ìwé pélébé tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sọ́jà ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ní 50 pẹ́ńsì. Ní ti èdè, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ọmọ ilé-ìwé lè kà á. Ó ní kí baálé ilé yan yàrá tó jìnnà sí ògiri ìta àti òrùlé. Kí ó yọ ilẹ̀kùn, kí ó fi wọ́n ti ara ògiri, kí ó to àpò iyanrìn àti àpótí erùpẹ̀ lé wọn lórí, kí òun àti ará ilé rẹ̀ sì wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ó fi ọ̀dà funfun kun gíláàsì fèrèsé kí ooru bọ́ǹbù lè ta padà. Kí wọ́n wà nínú yàrá náà fún ọjọ́ 14, kí wọ́n máa gbọ́ rédíò. Bí ẹnìkan bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sọ bí wọn yóò ṣe wé òkú náà, àti ìgbà tí wọ́n lè sin ín.

Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Erùpẹ̀ ń dá ìtànṣán olóró dúró lóòótọ́, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì burú jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwé náà ṣe ń rìn. Níbì kan ó jẹ́wọ́ pé ooru àti ìjì bọ́ǹbù lè pa ènìyàn, kó sì wó ilé, títí dé máìlì 5 sí ibi tó ti bú. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn àti ọ̀dà lọ, bí ẹni pé òǹkàwé kan kì í gbé nínú máìlì 5 yẹn. Ó tún kìlọ̀ pé kí oníkálukú jókòó sílé rẹ̀, nítorí bó bá sá lọ sí ìlú mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní fún un ní ilé tàbí oúnjẹ. Gbólóhùn yẹn ló fi ẹni tí ìwé náà ń ṣiṣẹ́ fún hàn mí. Títì ló ń ṣọ́ kí ọkọ̀ má baà dí i. Ẹni tó san 50 pẹ́ńsì kọ́ ló ń ṣọ́.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1980 kan náà, E. P. Thompson, onímọ̀ ìtàn, yí orúkọ ìwé náà po, ó kọ Protest and Survive, ó ní ohun tó lè gbà wá ni pé kí á má jẹ́ kí wọ́n kó bọ́ǹbù náà sí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ìwé ìjọba náà yángá ni Raymond Briggs, ayàwòrán tí ń kọ ìwé fún àwọn ọmọdé. Ní 1982 ó gbé When the Wind Blows jáde. Kò bá ìwé ìjọba jiyàn rárá. Ó kàn fi lé ọwọ́ bàbá àgbàlagbà kan, Jim, tó jẹ́ ẹni tí í máa ṣe ohun tí ìjọba bá ní kó ṣe, àti ìyàwó rẹ̀, Hilda. Bàbá yọ ilẹ̀kùn, ó fi ti ògiri, ó wọ̀n ọ́n kó má yẹ̀. Bọ́ǹbù bú. A sì ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ṣì ń retí pé ìjọba ń bọ̀.

Mo ní ẹjọ́ kan bá Briggs, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì kéré. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì kò dúró pé ọjọ́ 14. Wọ́n jáde síta, wọ́n gbọn omi òjò, wọ́n sè é, wọ́n mu ún. Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Àbí ẹ ò rí i? Wọn kò tẹ̀lé ìwé ni wọ́n fi kú." Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo sì gbà pé Briggs ló jàre. Jim mọ bí ilẹ̀kùn ṣe gbọ́dọ̀ dagun, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí eérú olóró jẹ́. Òun àti Hilda gbà pé ohun tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Ìwé tó fún ènìyàn ní àṣẹ láìfún un ní ìdí, ọjọ́ tí àṣẹ náà bá nira ni ẹni náà yóò pa á tì.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Cresson Kearny. Ará Amẹ́ríkà ni, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba ní Oak Ridge ní Tennessee. Ìwé rẹ̀, Nuclear War Survival Skills, jáde ní 1979, ó sì tún un ṣe ní 1987. Ó sanra, àwòrán rẹ̀ kò dùn ún wò, kò sì sí adùn kankan nínú èdè rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni mo fi ṣáájú nínú gbogbo ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa bọ́ǹbù yìí, nítorí ó dáhùn méjì nínú ìbéèrè mi láìkólòlò.

Ó sọ ìdí. Ó ṣàlàyé òfin méje-sí-mẹ́wàá, tí ó rọrùn débi pé ènìyàn lè fi ìka kà á. Bí agbára eérú olóró bá jẹ́ 1,000 ní wákàtí kan lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú, yóò di 100 ní wákàtí 7, yóò di 10 ní wákàtí 49, ìyẹn bí ọjọ́ méjì, yóò sì di 1 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ fi le jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dárúkọ ọjọ́ 14. Bí ẹnìkan bá ti sọ èyí fún Jim, mo rò pé kò ní jáde.

Wọ́n sì ti dán an wò. Kearny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé ìtọ́sọ́nà lé ọwọ́ àwọn ìdílé tí kò gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní kí wọ́n lo ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, kí wọ́n fi ilẹ̀kùn bo orí rẹ̀, kí wọ́n kó erùpẹ̀ lé e. Ibi tí àwọn ènìyàn bá ti ṣìnà, ìtọ́sọ́nà ni wọ́n tún kọ. Ẹni bá mọ iṣẹ́ ìwé kíkọ yóò mọ̀ pé ìyẹn ga ju fọ́nrán-fọ́nrán èdè lọ. Ó kọ́ni bí a ṣe lè fi agolo, bébà aluminium àti òwú ṣe ohun tí a ó fi wọn ìtànṣán náà. Ó sì sọ ohun kan tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, tí òtútù ń pa, kò kà sí: nínú ibi kótópó tí ènìyàn pọ̀ sí, bí ojú ọjọ́ bá móoru, ooru ara àwọn tó wà níbẹ̀ lè pa wọ́n kí ìtànṣán tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà ó kọ́ni bí a ṣe ń kan abẹ̀bẹ̀ ńlá olókùn tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Ará ilẹ̀ olóoru tó bá ka orí yẹn yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí Kearny ń wò ni ilé ará Amẹ́ríkà tó ní ọkọ̀, tó ní ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ní ilẹ̀kùn mẹ́fà. Àwọn baba wa mọ yàrà í gbẹ́, wọ́n gbẹ́ ẹ yí ìlú ká nígbà ogun. Ṣùgbọ́n bí ará Ajégúnlẹ̀ bá gbẹ́ yàrà tó mù ún dé ìbàdí lónìí, omi ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, ilẹ̀kùn kan ló ní, ti onílé sì ni. Ibi tí ìwé náà ti kùnà jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀la. Nínú àtúnṣe 1987, Kearny ka àwọn tó ń sọ pé èéfín ogun náà yóò bo oòrùn sí alásọdùn. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2022 fi hàn pé bí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà bá ja irú ogun bẹ́ẹ̀, ebi lè pa ju bílíọ̀nù 5 ènìyàn lọ káàkiri ayé. Ẹni tó bá jáde láàyè nínú kòtò ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oko wo ni yóò lọ? Kearny kò ní èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó mọ ọ̀sẹ̀ méjì dunjú. Ọdún méjì ni kò mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí agbára ìwé ìmọ̀ràn mọ, ẹ ka ìwé tí kò gbani nímọ̀ràn rárá. Hiroshima ni orúkọ rẹ̀, John Hersey ló kọ ọ́. Ìwé ìròyìn The New Yorker fi odindi àtẹ̀jáde oṣù kẹjọ kan ní 1946 fún un. Ènìyàn mẹ́fà ni Hersey tẹ̀lé, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ka nǹkan fún wa. Dókítà 150 ló wà ní ìlú náà. 65 ti kú, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù sì fara gbọgbẹ́. Nínú nọ́ọ̀sì 1,780, àwọn 1,654 ló kú tàbí tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn tó dára jù ní bẹ́ẹ̀dì 600, àwọn tó fara pa tó ya lọ síbẹ̀ sì tó 10,000. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka èyí, ẹ tún mú ìwé ìmọ̀ràn yín, kí ẹ wá ibi tó ti sọ pé "ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn." Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni ìwé náà ti parí, ìyókù kàn jẹ́ bébà ni.

Ti ìwé ìtàn àròsọ, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. On the Beach tí Nevil Shute kọ ní 1957 dùn, ó sì ń múni sunkún: àwọn ará Melbourne jókòó, wọ́n ń retí ikú tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀. Ẹni tó bá kà á láti mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ohun kan ṣoṣo ló máa kọ́ níbẹ̀: láti jókòó. Nuclear War: A Scenario tí Annie Jacobsen kọ ní 2024 ń fi ìṣẹ́jú tẹ̀lé ìṣẹ́jú sọ bí ogun náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ dìbò, kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ pọn omi.

Ọ̀wọ́ kan ṣì wà tí mo ní kí ẹ sá fún. Ó pọ̀ láàárín ìwé àlòkù tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì tún pọ̀ nínú àwọn tuntun tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Iná ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ewé méjì-méjì ni òǹkọ̀wé ń polówó ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń tà: oúnjẹ inú agolo, ìbọn, oògùn iodine. Ìwé tó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò sọ fún yín pé ẹṣẹ́ thyroid tó wà lọ́rùn nìkan ni oògùn iodine ń ṣọ́, lọ́wọ́ iodine olóró, pé kò sì ta ìtànṣán yòókù padà. Èyí tó bá pè é ní oògùn bọ́ǹbù, àbúrò omi oníyọ̀ ti 2014 ni. Àwọn ìwé náà tún ń kọ́ni pé aládùúgbò ni ọ̀tá: kó oúnjẹ pamọ́, ti ilẹ̀kùn, na ìbọn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń pọn omi níbi ẹ̀rọ kan, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ rẹ̀, oùngbẹ ni yóò kọ́kọ́ pa á. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta Kearny fún yín ní ọ̀wọ́n, nítorí ó yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ìjọba lè ṣe irú ìwé yìí dáadáa bó bá fẹ́. Ìjọba Sweden fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní ilẹ̀ wọn ní 2018, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìparí 2024, láìgba owó. Ó sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n múra láti fi ọ̀sẹ̀ kan dá gbé láìsí ìrànlọ́wọ́, ó sì sọ ìdí: kí ìjọba lè kọ́kọ́ dojú kọ àwọn tí kò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Àwa tí a rí Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tí omi gbé ilé àti ènìyàn lọ ní Ìbàdàn, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tọ́ sí wa, ní Yorùbá tó já gaara.

Kí èyí tó dé, bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá ju ti ìwé kan lọ, ẹ ra èyí tí kò tilẹ̀ dárúkọ bọ́ǹbù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Where There Is No Doctor ni. David Werner kọ ọ́ fún àwọn ará abúlé orí òkè ní Mexico; ó jáde ní èdè Spanish ní 1973, ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1977, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó ju 80 lọ. Ó yege nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń sọ ìdí. Àwọn tó ń lò ó ló ràn án lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Ó ń sọ fún yín ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára òun, tí ẹ gbọ́dọ̀ wá dókítà. Ilé tó sì ń wò jọ ilé wa. Omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀, irú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá wa nígbà tí Olikóye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bọ́ǹbù, ìkún omi, ọ̀tẹ̀, èyí tó wù kó dé, ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, òun ló sì ń pa àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Hersey kà, kí ojú yín lè là. Lẹ́yìn náà ni Kearny, fún òfin méje-sí-mẹ́wàá, omi, àti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kà á nísinsìnyí tí iná wà, kì í ṣe ọjọ́ tí a ń wá tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka ibi tó wúlò fún àwọn ará ilé, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta: ibi tí omi mímu wà, ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá tú ká, àti ọ̀nà tí kò gba ẹ̀gbẹ́ kànáàlì kọjá. Ní Èkó, kí ọmọdé mọ nọ́ńbà 112 àti 767 lórí. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wí i tẹ́lẹ̀ ní láti wí i ní èdè tí arọ náà gbọ́, kó sì rántí pé arọ kò lè sáré.